Ẹ Bi Wá: Omi, Àmù àti Ẹ̀wà Lókè Ọya

Ẹni tó bá ti Ìbàdàn tàbí Oṣogbo kó lọ sí Òkè Ọya máa tún iṣẹ́ ilé kọ́. Kì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ló gbẹ, ọjà ibẹ̀ sì ní àwo ìwọ̀n tirẹ̀. Èyí làwọn ìbéèrè tá a mú lóṣù yìí.

Kò sí ẹ̀rọ omi nílé tí mo gbà, ọwọ́ mai ruwa, ẹni tó ń ti omi kiri, ni mo ti ń rà á. Omi náà máa ń rú nígbà míì. Ṣé mo lè mu ún? (Agùnbánirọ̀, Sabon Gari, Kano)

Ẹ má mu ún bẹ́ẹ̀. Kódà kó jẹ́ omi kànga ẹ̀rọ tó mọ́ ló pọn, àwọn kẹ́ẹ̀gì orí ọmọlanke yẹn ti wà nílẹ̀ látàárọ̀, ọ̀pọ̀ wọn ni ẹnikẹ́ni kì í fọ inú rẹ̀.

Ẹ pín omi sọ́nà méjì. Dúrọ́ọ̀mù wà fún ìwẹ̀ àti abọ́. Kẹ́ẹ̀gì tiyín tó ní ìdérí wà fún mímu nìkan. Bí omi mímu bá rú, ẹ mú òkúta álọ́ọ̀mù, ẹ fi rò ó yíká fún ìṣẹ́jú kan, ẹ yọ òkúta náà, kẹ́ ẹ fi omi sílẹ̀ mọ́jú. Ìdọ̀tí á sọ̀kalẹ̀. Ẹ rọra da ti òkè sínú nǹkan míì, kẹ́ ẹ fi aṣọ funfun tó nípọn sẹ́ ẹ. Tìsàlẹ̀, ẹ fi fọ ilẹ̀.

Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń dúró, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe wà. Álọ́ọ̀mù ń mú omi mọ́ lójú ni, kì í pa kòkòrò àìsàn. Ẹ ṣì ní láti sè é kó hó dáadáa fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán. Bí gáàsì bá wọ́n, ẹ wá Hypo, omi tí a fi ń fọ aṣọ funfun, tàbí irú rẹ̀ tí kò ní lọ́fíńdà, tí wọ́n kọ 3.5% sí lára. Ṣíbí ìmutíì kan tí kò kún tán ló tó fún kẹ́ẹ̀gì 25 lítà omi tó ti mọ́. Ẹ pò ó, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30. Ó yẹ kẹ́ ẹ gbóòórùn rẹ̀ díẹ̀. Bí kò bá rùn rárá, ìdọ̀tí inú omi ló ti jẹ agbára rẹ̀. Ẹ tún fi ìwọ̀n kan náà sí i, kẹ́ ẹ dúró lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ máa da omi dúrọ́ọ̀mù nù, kẹ́ ẹ fi kànǹkàn ha inú rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, torí nǹkan bí ọjọ́ mẹ́jọ sí mẹ́wàá ni ẹyin ẹ̀fọn fi ń di ẹ̀fọn tó ń fò. Kẹ́ ẹ sì máa kí mai ruwa yín "sannu da aiki", bí ìgbà tá a bá ní ẹ kú iṣẹ́. Lọ́jọ́ tómi bá wọ́n, ilé ẹni tó ń kí i ló máa kọ́kọ́ yà.

Tòmátò àti ata mi kì í ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, iná tó máa gbé fíríìjì ò sì sí. (Ìyá Ìbejì, Dutse)

Ìyá Ìbejì, ìpínlẹ̀ Jigawa tẹ́ ẹ wà yẹn gan-an ni olùkọ́ kan, Mohammed Bah Abba, ti tan ìkòkò-nínú-ìkòkò kálẹ̀ láàárín àwọn àgbẹ̀. Ó gba ẹ̀bùn Rolex lórí rẹ̀ lọ́dún 2000. Ìgbá tí a ń jẹ, tó máa ń bàjẹ́ lọ́jọ́ mẹ́ta, lò tó ọjọ́ 27 nínú rẹ̀.

Ẹ ra ìkòkò amọ̀ méjì tí wọn ò fi ọ̀dà kùn, tí kékeré máa wọnú ńlá, tí àlàfo ìka méjì sí mẹ́ta á ṣẹ́ kù yíká. Ẹ da iyanrìn odò sísàlẹ̀ ìkòkò ńlá títí ẹnu méjèèjì fi máa dọ́gba, ẹ gbé kékeré lé e, kẹ́ ẹ fi iyanrìn dí àlàfo náà. Ẹ wá bu omi sí iyanrìn títí á fi rin gbingbin. Ẹ kó tòmátò sínú ìkòkò kékeré, ẹ fi àpò ìdọ̀họ tútù bò ó. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ lẹ máa bomi rin iyanrìn.

Ọgbọ́n inú rẹ̀ ò yàtọ̀ sí ti àmù tí ìyá wa àgbà ń tọ́jú omi sí: omi tó ń gbẹ lára amọ̀ ń gbé ooru lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe gbẹ tó ni yóò ṣe tutù tó, ìdí nìyẹn tí àmù Dutse fi ń tutù ju àmù Èkó lọ. Nítorí náà, inú ilé ìdáná tí a tì pa kọ́ ni ààyè rẹ̀. Abẹ́ òjìji tí atẹ́gùn ń gbà kọjá ni, lórí òkúta mẹ́ta kí ìdí rẹ̀ náà lè mí. Ẹ má fi ọṣẹ fọ ẹ̀yìn rẹ̀, torí yóò dí ihò wẹ́wẹ́ ara amọ̀. Tòmátò tó ti bẹ́ tàbí tó tutù lára, ẹ má kó o sí i, yóò ran àwọn tó kù. Tí òjò bá sì ti ń rọ̀ gan-an ní oṣù kẹjọ, ẹ má retí ohun púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹran àti ọbẹ̀ ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Ọbẹ̀, ẹ gbé e kaná kó hó láàárọ̀ àti lálẹ́. Ìrẹsì tó sùn síta nínú ooru, ẹ dà á nù. Májèlé tí kòkòrò bá ti tu sínú rẹ̀ kì í bá iná lọ.

Kóńgò ni mo mọ̀. Kí ni mudu, kí ni tiya? (Ìyàwó tuntun, Kubwa)

Àwo ìwọ̀n ni méjèèjì. Mudu lẹ máa bá l'Abuja. Tiya, tí wọ́n ń lò ní Kano, tóbi jù ú lọ, ó tó nǹkan bíi kílò 2.5 fún ọkà. Ẹ má fi owó mudu wé owó kóńgò ilé. Kẹ́ ẹ tó sọ pé "nawa ne?" (èló ni?), ẹ wo inú àwo náà: ẹlòmíì ti lu ìdí tirẹ̀ wọnú.

Ẹ̀wà tí mo rà lọ́jà Dawanau ti kún fún kòkòrò lóṣù méjì. Aládùúgbò ní kí n fi oògùn sí i. (Bàbá Ṣadé, Kano)

Rárá o. Oògùn oníhóró tí wọ́n ń jù sínú àpò yẹn ń tú èéfín jáde, ó sì lè pa ẹni tó bá sùn sí yàrá kan náà. Dichlorvos, oògùn apakòkòrò olómi, pẹ̀lú kì í ṣe ohun tí a ń wọ́n sí oúnjẹ. Lọ́dún 2019 ni NAFDAC fòfin de ìgò kékeré rẹ̀.

Láti oko ni kòkòrò náà ti yé ẹyin sára èso. Ẹ̀wà tẹ́ ẹ rò pé ó mọ́ ti rù ú wá sílé, nítorí náà afẹ́fẹ́ lẹ máa gbà lọ́wọ́ kòkòrò náà. Ẹ sá ẹ̀wà kó gbẹ títí yóò fi ṣẹ́ pẹ́kẹ́ lẹ́nu. Ẹ ra àpò PICS, tó ní ọ̀rá méjì nínú àti àpò híhun kan níta. Ẹ dà á sí ọ̀rá inú, ẹ fọwọ́ tẹ afẹ́fẹ́ jáde, ẹ lọ́ ẹnu rẹ̀, ẹ ká a, ẹ so ó pinpin. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọ̀rá kejì àti àpò òde. Ẹ má tú u fún oṣù kan. Bí ẹ̀wà ò bá pọ̀, kẹ́ẹ̀gì tó gbẹ dáadáa náà tó, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ kún dẹ́nu, torí ààbọ̀ kẹ́ẹ̀gì, afẹ́fẹ́ ló kún inú ìyókù. Èyí tó ti lu ihò, ẹ kù ú, kẹ́ ẹ tètè sè é jẹ.

Lásìkò ọyẹ́, aṣọ funfun mi ń pọ́n lórí okùn. (Akẹ́kọ̀ọ́, Zaria)

Ẹ má sá a síta. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbẹ débi pé aṣọ tẹ́ ẹ fún dáadáa á gbẹ nínú yàrá, láìrí oòrùn. Aṣọ tútù ni eruku ń lẹ̀ mọ́. Èyí tó bá ti gbẹ, gbígbọ̀n ló kù. Bó bá di dandan kó wà níta, ẹ yí inú rẹ̀ síta, kẹ́ ẹ ká a kété tó bá gbẹ. Ilẹ̀ yàrá náà, aṣọ tútù ni kẹ́ ẹ fi nù ún kẹ́ ẹ tó ta okùn. Ọwọ̀ kàn ń gbé eruku dìde sórí aṣọ ni.