Èsì: Iwájú ni kí n dúró sí, àbí ẹ̀yìn?

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá iwájú pèpéle ló dára jù níbi eré rọ́ọ̀kì ìta gbangba, àti bóyá ìjà ni àwọn tó ń kọlu ara wọn níbẹ̀ ń jà.

Kì í ṣe ìjà rárá. Eré ni, ó sì ní òfin tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀: bí ẹnìkan bá ṣubú, àwọn tó wà nítòsí á dúró, wọ́n á fà á dìde kíá. Bí ẹ kò bá fẹ́ kí wọ́n gbá yín, ẹ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́.

Èmi kì í lọ iwájú mọ́ o. Ẹ wo ibi tí ẹni tó ń darí ohùn gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí láàárín èrò. Ohun tó ń gbọ́ níbẹ̀ ló fi ń tún orin ṣe, nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ dúró sí. Bí ẹ bá jìnnà tó mítà 100 sí pèpéle, onílù á ti gbé ọ̀pá sókè padà kí dídún ìlù tó dé etí yín.

Òjò ńkọ́? Ní Woodstock, àjọ̀dún orin rọ́ọ̀kì ìta gbangba kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1969, ilẹ̀ di ẹrẹ̀, àwọn kan sì ń yọ̀ tẹ̀rẹ́ nínú rẹ̀ bí ọmọdé. Bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀ ni kí ẹ wọ̀, kí ẹ sì mú ohun ìdítí dání nítorí ariwo orin.

Fóònù? Ẹ ya fọ́tò kan, kí ẹ sọ ọ́ sápò. Ẹni tó wà lẹ́yìn yín náà fẹ́ ríran.