Ta ló ya àwòrán àwọn ilé àkọ́kọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn?

Tọkọtaya ará Ìlú Ọba ni: Maxwell Fry àti Jane Drew. Ọdún 1948 ni ilé ẹ̀kọ́ náà bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi University College, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ rí ọgbọ́n wọn, kó lọ dúró níwájú Kenneth Dike Library, ilé ìkàwé yunifásítì náà. Ògiri oníhò tí wọ́n fi bo iwájú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán: atẹ́gùn ń gba ibẹ̀ wọlé, oòrùn kò sì ráyè jó ìwé. Ní àwọn ilé táwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, irú bíi Mellanby, yàrá kì í fẹ̀yìn ti yàrá, kí afẹ́fẹ́ lè wọlé níhìn-ín, kó jáde lọ́hùn-ún, láìsí ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ń tún irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe, kó má fi bíríkì dí ojú ihò wọ̀nyẹn.

Ọdún 1899 ni wọ́n bí Fry. Ó ti bá Walter Gropius, ayàwòrán ilé ọmọ Jámánì, ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù kó tó fẹ́ Drew ní 1942. Drew ní tiẹ̀, ọdún 1911 ni wọ́n bí i. Nígbà ogun Hitler, obìnrin nìkan ló kọ́kọ́ ń gbà síṣẹ́ ní ọ́fíìsì rẹ̀. Ní 1951, àwọn méjèèjì lọ bá Le Corbusier, gbajúmọ̀ ayàwòrán ilé, kọ́ ìlú Chandigarh ní Íńdíà. Ìyẹn ni ayé fi mọ̀ wọ́n jù, àmọ́ lójú tèmi, iṣẹ́ Ìbàdàn kò kéré sí i rárá.