Tápẹ́ẹ̀tì CG125 Àtijọ́: Ṣé Mo Lè Ṣètò Rẹ̀ Fúnra Mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Ọ̀kadà Honda CG125 àtijọ́ ni mo fi ń gbé ẹja láti ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ lọ sí Ìtòkín. Ó ti ń dún “ta-ta-ta” lókè ẹ́ńjìnnì tipẹ́. Mẹkáníìkì kan dè tápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ títí tí ariwo náà fi dákẹ́, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí ó bá ti gbóná, n óò ta kíkì títí kó tó jí. Ṣé mo lè ṣètò tápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fúnra mi, kí ni mo sì nílò?

Ìdáhùn: Ẹ lè ṣe é fúnra yín, bí ẹ bá ti lè fara balẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ yín tó yẹ kí a kọ́kọ́ yanjú: ariwo ni mẹkáníìkì yẹn pa, kò tún ẹ́ńjìnnì ṣe. Fáàfù (ilẹ̀kùn kékeré tí atẹ́gùn ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, tí èéfín sì ń gbà jáde) tó ń dún kì í tètè ba nǹkan jẹ́. Èyí tó há, tí kò dún rárá, ni kí ẹ bẹ̀rù.

Àlàfo tín-ínrín kan, èyí tí a ń fi ìdè kékeré tí a ń pè ní tápẹ́ẹ̀tì ṣètò, gbọ́dọ̀ wà láàárín rọ́kà tó ń tẹ fáàfù àti orí fáàfù náà, kí fáàfù lè jókòó sí àyè rẹ̀ dáadáa nígbà tí ohunkóhun kò bá tẹ̀ ẹ́. Fáàfù tí èéfín ń gbà jáde sínú sàláńsà máa ń gbóná gidigidi, ìgbà tó bá jókòó sí àyè rẹ̀ ló sì ń rí ibi tú ooru ara rẹ̀ sí. Bí wọ́n bá dè é jù, kò ní lè tì tán, iná yóò máa yọ́ gba etí rẹ̀ kọjá, kọ̀mpíréṣàn (agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń fún atẹ́gùn pọ̀) yóò sì dínkù, èyí tó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìdí tí ẹ fi ń ta kíkì títí. Bí ó bá sì pẹ́ bẹ́ẹ̀, etí fáàfù náà yóò jó, ọ̀rọ̀ yóò wá di ti ṣíṣí orí ẹ́ńjìnnì, tí owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹ má ṣe gbàgbé pé fáàfù máa ń jẹ àyè ìjókòó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí a ṣe ń lo ọ̀kadà, àlàfo náà a sì máa dínkù fúnra rẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Iye àlàfo tí a ń lò fún CG125 ni 0.08 mm, fún fáàfù méjèèjì, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. (Ti Honda C70 jẹ́ 0.05 mm, nítorí náà ẹ má ṣe gba iye ọ̀kadà ẹlòmíràn. Ẹni tó bá sì ń gun Suzuki AX100, tí a ń da ọ́ìlì mọ́ pẹtiróòlù rẹ̀, kò ní tápẹ́ẹ̀tì tí yóò ṣètò.) Ẹ ra fílà gééjì, ìyẹn àwọn irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn àlàfo. Abẹ ìfárùngbọ̀n tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò dípò rẹ̀ nípọn tó nǹkan bíi 0.1 mm, yóò jẹ́ kí fáàfù dẹ̀ díẹ̀, èyí tó sàn ju kó há lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe òṣùwọ̀n gidi.

Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni kí ẹ ti pa ẹ́ńjìnnì náà. Ẹ fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ òkè rẹ̀ kí ẹ tó tú ohunkóhun, nítorí ìpẹ́ ẹja àti erùpẹ̀ pupa tó ti gan mọ́ ibẹ̀ kò gbọdọ̀ já sínú. Ẹ tú pọ́lọ́ọ̀gì kí ẹ́ńjìnnì lè fúyẹ́ láti yí, ẹ ṣí ìdérí orí rẹ̀, kí ẹ sì ṣí apá òsì níbi tí ẹ óò ti rí àmì T, tó ń fi hàn pé písítìn ti dé òkè pátápátá, lára fúláíwíìlì, ìyẹn àgbá irin tó ń yí níbẹ̀. Lára àwọn kan, ìdérí kékeré ló wà níbẹ̀. Lára àwọn mìíràn, gbogbo ìdérí òsì ni ẹ óò tú. Ẹ gbé e lé ìdúró àárín, ẹ fi í sí gíà tó ga jù, kí ẹ sì máa fi ọwọ́ yí táyà ẹ̀yìn síwájú.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í nìyí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àmì T máa ń yọ kí ẹ́ńjìnnì tó parí iṣẹ́ ìpele mẹ́rin rẹ̀, ìgbà kan ṣoṣo nínú méjèèjì ni fáàfù méjèèjì sì máa ń tì pa. Ẹ wo fáàfù tó wà lẹ́yìn, ní ẹ̀gbẹ́ kábùrétọ̀: bí ó bá ti lọ sísàlẹ̀ tó sì padà sókè, àmì T tó tẹ̀ lé e ni ẹ ń wá. Ẹ fi ìka mi rọ́kà méjèèjì. Bí ọ̀kan bá le gan-in, tí kò mì rárá, ẹ yí ẹ́ńjìnnì ní odindi ìyípo kan sí i kí ẹ tún wò ó. Bí ó bá ṣì le, a jẹ́ pé wọ́n ti dè é jù lóòótọ́. Ẹ má ṣe fi àmì F tó wà nítòsí pè é ní T. Ti iná pọ́lọ́ọ̀gì ni ìyẹn.

Ẹ di orí ìdè tápẹ́ẹ̀tì mú, ẹ dẹ nọ́ọ̀tì rẹ̀, kí ẹ sì ti 0.08 bọ àárín. Ó yẹ kó wọlé, kó sì máa fà díẹ̀ bí ẹ bá ń fà á jáde, 0.10 kò gbọdọ̀ wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tí ẹ bá ń dè nọ́ọ̀tì padà, ẹ di ìdè náà mú ṣinṣin, nítorí ó máa ń fẹ́ yí tẹ̀lé nọ́ọ̀tì. Ẹ wọn ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ yí ẹ́ńjìnnì ní ìyípo méjì, kí ẹ sì tún wọn ọ́n.

Lára ọ̀kadà àtijọ́ bíi tiyín, ẹ wo ẹnu ìdè náà, níbi tó ti ń kan fáàfù. Ó máa ń jẹ kòtò kékeré, bẹ́ẹ̀ ni irin gééjì yóò kàn na orí kòtò náà kọjá láì dé ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí ẹ óò rò pé 0.08 ni nígbà tí àlàfo gan-an ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí ariwo fi ń kù lẹ́yìn iṣẹ́ tó dára, ìdí nìyí náà tí àwọn kan fi ń dè é kọjá ààlà. Ẹ pààrọ̀ ìdè náà, kò wọ́n.

Bí ẹ bá ń dá ìdérí padà, ẹ wo rọ́bà etí rẹ̀, kí ẹ má sì fi agbára dè bóòtù, torí alumíníọ̀mù tètè máa ń já. Fún ẹni tó ń gbé ẹrù lójoojúmọ́, èmi a máa ní kí ó yẹ fáàfù wò ní gbogbo ìgbà kejì tó bá pààrọ̀ ọ́ìlì.

Bí ariwo bá ṣì wà lẹ́yìn gbogbo èyí, ó lè jẹ́ pé rọ́kà tàbí irin tó gbé e ti jẹ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n ta ṣéènì táímìn, ìyẹn ṣéènì tó ń yí kámú, fún yín: lára CG125 àtijọ́ bíi tiyín, èyí tí Honda kọ́kọ́ gbé jáde ní 1976, gíà ló ń yí kámú (irin tó ń mú kí fáàfù ṣí) nísàlẹ̀ nínú ọ́ìlì, ọ̀pá gígùn méjì ló sì ń ti rọ́kà lókè. Kí ẹni tí yóò tún un ṣe ṣí i sílẹ̀ lójú yín, kí ẹ rí ibi tó jẹ kí ẹ tó yọ owó.