Ògiri ìtòṣọ fún kúìtì: ohun tí ojú mi rí kí tèmi tó dúró

Ọ̀rọ̀ yín yé mi dáadáa, torí ibi tí ẹ wà yẹn gan-an lèmi náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní orí ilẹ̀ lẹ máa ń to ègé aṣọ kúìtì yín (aṣọ ìbora tí a fi ègé aṣọ wẹ́wẹ́ rán pọ̀) sí, pé orúnkún ti ń yọ yín lẹ́nu, yàrá kò tóbi, ilé tí ẹ háyà sì ni, onílé kò fẹ́ gbọ́ ìró ìṣó lára ògiri. Ẹ wá ń bèèrè bóyá ògiri ìtòṣọ, ìyẹn ibi tó dúró lóòró tí a ti ń to ègé aṣọ wò kí a tó rán wọn, èyí tí àwa tá à ń rán kúìtì máa ń pè ní design wall, tó wàhálà tí ẹ máa ṣe lórí ẹ̀. Ó tó o. Àmọ́ ẹ má ṣe é bí mo ṣe kọ́kọ́ ṣe tèmi, torí ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe é kó tó jọ nǹkan.

Ti orúnkún nìkan kọ́ ni mo fi sọ pé n kò padà sí orí ilẹ̀ mọ́. Téèyàn bá dúró ti aṣọ tó tò sílẹ̀, èyí tó wà nítòsí ẹsẹ̀ rẹ̀ á tóbi lójú, èyí tó wà lọ́hùn-ún á dà bíi pé ó súnkì. Mo ti rán odidi kúìtì kan tán báyẹn rí. Ìgbà tí mo gbé e kọ́ ni mo tó rí i pé gbogbo àwọ̀ dúdú ti lọ kóra jọ sí igun kan, bí ojú ọ̀run tó ṣú. Mo ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wo aṣọ yẹn nílẹ̀, n kò rí i. Ó kù díẹ̀ kí n tú u, mo bá fún ẹnì kan tí kò mọ̀ nípa kúìtì.

Àkọ́kọ́ tí mo ṣe, aṣọ fúlánẹ́ẹ̀lì kan tó ti gbó ni mo fi téèpù lẹ̀ mọ́ ògiri. Inú fúlánẹ́ẹ̀lì yìí ni àṣírí gbogbo rẹ̀ wà: irun wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ máa ń di aṣọ òwú mú, ègé aṣọ á sì dúró láìsí píìnì. Mo to ègé tó lé ní 200, inú mi dùn, mo lọ sùn. Àárọ̀ ni mo bá gbogbo rẹ̀ nílẹ̀. Téèpù ti ká ara rẹ̀ kúrò lóru, òkìtì aṣọ ló kù. N kò sì ya fọ́tò. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́ bí a ṣe ń ya fọ́tò kí a tó pa iná yàrá.

Kódà nígbà tí téèpù ṣì di aṣọ yẹn mú, kò dúró gírí. Ó yọ ikùn láàárín, bí mo bá fọwọ́ kan apá kan, apá kejì á mì, ègé mẹ́ta mẹ́rin á já bọ́. Ó gbọ́dọ̀ ní nǹkan líle lẹ́yìn.

Ìyẹn ló gbé mi dé ìdí fóòmù funfun, irú èyí tí wọ́n fi ń di ẹrù ẹlẹgẹ́ sínú páálí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á. Bí mo ṣe fi ayùn kàn án ló bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí ọṣẹ, hóró funfun wẹ́wẹ́ tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, mọ́ irun, mọ́ aṣọ, títí kan inú ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Ó tó oṣù mélòó kan tí mo ṣì ń rí wọn. Mo wá tún fi gúlùù tí wọ́n ń fín fín in kí n lè lẹ fúlánẹ́ẹ̀lì mọ́ ọn. Gúlùù náà jẹ fóòmù! Ó jẹ ẹ́ wọ inú bí ìgbà tí a da omi gbígbóná sórí iyọ̀. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé kẹ́míkà inú ọ̀pọ̀ irú gúlùù bẹ́ẹ̀ máa ń yọ́ fóòmù. Èyí tó kù, mo fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tì í níjọ́ kan, ihò ńlá ló ṣẹ́ kù níbẹ̀. Fóòmù kì í bá ooru ṣeré, ó sì lè gbaná, ẹ má gbé e sí tòsí sítóòfù tàbí àbẹ́là.

Èyí tó wá gbà ni fóòmù kíki, tó dán, tí wọ́n fi ń dí ooru àti òtútù lára ilé. Ó sábà máa ń ní àwọ̀ búlúù tàbí píǹkì. Pátákó rẹ̀ máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4 ní fífẹ̀, 8 ní gígùn. Èyí tó nípọn tó íǹṣì 1 ni mo lò, ọwọ́ kan ni mo fi ń gbé e. Kì í hó bíi ti fóòmù funfun yẹn, ó sì gba píìnì dáadáa. Ẹ fi bíléèdì mímú là á wọ inú dé ìdajì nínípọn rẹ̀, kí ẹ gbé ojú ibi tí ẹ là sí etí tábìlì, kí ẹ ṣẹ́ ẹ. Kò nílò ayùn kankan.

Láti wé fúlánẹ́ẹ̀lì mọ́ ọn, ẹ jẹ́ kó fi íǹṣì 4 ju pátákó lọ yípo. Ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ sì lọ̀ ọ́ kí ẹ tó lò ó, kó lè súnkì kó sì ti bọ́ irun tó bá fẹ́ bọ́. Ẹ dojú rẹ̀ dé ilẹ̀, kí ẹ gbé pátákó lé e, kí ẹ ká etí aṣọ sẹ́yìn. Àárín ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan lẹ máa kọ́kọ́ fi téèpù fífẹ̀ mú, kí ẹ tó máa lọ sí igun, kó má baà kákò. Mo gbìyànjú píìnì sítépù (staple), ṣùgbọ́n kò rí nǹkan di mú nínú fóòmù, ó ń yọ. Píìnì tí a fi gún un ní ìdágẹ̀rẹ́ dára jù. Ẹ má sì fà á jù. Èmi fà á bí awọ ìlù, ọjọ́ kejì pátákó ti tẹ̀ bí ọrun. Mo ní láti tú u.

Ní ti àwọ̀, ẹ mú èyí tí kò ní òdòdó tàbí àmì kankan. Funfun ni mo kọ́kọ́ lò, aṣọ mi tó funfun wá ń sọnù sórí rẹ̀. Àwọ̀ eérú tó mọ́lẹ̀ díẹ̀ ni mo ń lò báyìí. Bí ẹ bá lọ ra fúlánẹ́ẹ̀lì, ẹ mú ègé aṣọ òwú kékeré dání, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, kí ẹ gbé e dúró, kí ẹ gbọ̀n ọ́n. Tó bá já bọ́ níbẹ̀, á já bọ́ nílé.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́, torí kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi. Aṣọ tí a kò tíì rán pọ̀ máa ń tóbi ju kúìtì tó máa jáde lọ. Ká ní ègé onígun mẹ́rin yín máa jẹ́ íǹṣì 2 lẹ́yìn ìrán, íǹṣì 2.5 lẹ máa gé e, torí ìdámẹ́rin íǹṣì tó máa wọnú ojú ìrán lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ègé 32 lórí ìlà kan á jáde sí íǹṣì 64. Lára ògiri ńkọ́? Íǹṣì 80 ni! Pátákó kan ṣoṣo, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 48, kò gbà á, àfi méjì tí a tò pọ̀. Bí ègé bá tóbi, ìyàtọ̀ náà á dín kù: bílọ́ọ̀kù (ègé aṣọ tí a ti rán pọ̀ di onígun mẹ́rin ńlá kan) oníǹṣì 12 méje jẹ́ 84 lẹ́yìn ìrán, lára ògiri ó jẹ́ 87.5. Bí àyè yín bá kéré, ẹ jẹ́ kí etí ègé kan gun orí èkejì díẹ̀, tàbí kí ẹ tò ó ní ìdajì ìdajì.

Nítorí ilé tí ẹ háyà, ẹ má kan ohunkóhun mọ́ ògiri. Tèmi kàn fara ti í ni. Mo fi àpótí kúkúrú méjì sábẹ́ rẹ̀ kí ìlà ìsàlẹ̀ má baà jẹ́ kí n tún máa kúnlẹ̀, mo sì fi okùn so orí rẹ̀ mọ́ ọ̀pá kọ́tìnì. Ìgbà tí n kò tíì so ó, ó yọ̀ lórí ilẹ̀ dídán, ó wá bò mí mọ́lẹ̀ tòun taṣọ. Pátákó méjèèjì ni mo fi téèpù so pọ̀ láti ẹ̀yìn, mo lè ká wọn kí ẹ̀yìn kọ ẹ̀yìn, kí n sì tì wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Ojú tí aṣọ wà á wá wà níta, torí náà mo máa ń fi píìnì gún wọn kí n tó ká a.

Bí àyè pátákó kò bá sí rárá, aṣọ tábìlì onírọ́bà tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí bíi fúlánẹ́ẹ̀lì náà á ṣe é. Ẹ yí ẹ̀yìn síta, kí ẹ fi ọ̀pá gba orí rẹ̀ kọjá, kí ẹ gbé e kọ́. Á yọ ikùn díẹ̀ bíi ti àkọ́kọ́ mi, ṣùgbọ́n ẹ lè ká a bí ẹní pẹ̀lú aṣọ nínú rẹ̀ bí àlejò bá dé.

Nígbà tí ẹ bá ń lò ó, ẹ máa rìn sẹ́yìn. Kí ẹ dé ẹnu ọ̀nà, kí ẹ fi fóònù ya fọ́tò, kí ẹ wá sọ fọ́tò náà di dúdú àti funfun. Níbẹ̀ lẹ ti máa rí ẹni tó dúdú jù láàárín àwọn ará rẹ̀. Tí mo bá fẹ́ rán an, ìlà kan ni mo máa ń kó lẹ́ẹ̀kan, mo sì ń fi bébà kékeré tí mo kọ nọ́ńbà sí gún ègé àkọ́kọ́. Bílọ́ọ̀kù tí a ti rán máa ń wúwo, ìyẹn nílò píìnì.

Ẹ má kọjú rẹ̀ sí oòrùn, àwọ̀ á ṣí. Ẹ pa fáànù. Kí ẹ sì wọn ẹnu ọ̀nà yín kí ẹ tó ra pátákó: tèmi sun ìta ọjọ́ méjì kí n tó mọ̀ pé bíléèdì lásán lè gé e.