Áńpù wo ni kí n rà fún gìtá jáàsì?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàsán sà. Gìtá ni mò ń ta ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ògo-Olúwa, Òṣogbo, àmọ́ láti bí ọdún kan sẹ́yìn, jáàsì ni mo gbájú mọ́. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi méjì, ọ̀kan ń ta gìtá báàsì, èkejì ń lu dùrọ́ọ̀mù, ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí iṣẹ́ kéékèèké ní hòtẹ́ẹ̀lì àti níbi ayẹyẹ ọjọ́ ìbí. Inú sípíkà ńlá ṣọ́ọ̀ṣì ni mo máa ń ki gìtá mi bọ̀, ohùn rẹ̀ sì máa ń gún mi létí. Mo rí áńpù tìránsísítọ̀ kan, wáàtì 30, ní Òkè-Fìà, àmọ́ ẹ̀gbọ́n kan nínú ìjọ wa fẹ́ ta áńpù onítúùbù tí wọ́n kó bọ̀ láti Amẹ́ríkà fún mi. Àwọn kan ní onítúùbù nìkan ni ojúlówó, àwọn mìíràn ní iye wáàtì ni kí n wò. Yàrá kan ni mò ń gbé, àwọn tá a jọ ń gbélé kì í sì í fẹ́ ariwo lálẹ́. Ẹ jọ̀ọ́ sà, èwo ni kí n rà?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ti Òkè-Fìà ni kí o rà, tó bá yege nínú àyẹ̀wò tí mo fẹ́ sọ fún ọ. Onítúùbù ni èyí tó ń fi túùbù onígíláàsì tó ń gbóná bíi gílóòbù gbé ohùn gìtá sókè; ti tìránsísítọ̀, ẹ̀yà iná kékeré tí kò ní gíláàsì ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Kì í ṣe pé onítúùbù burú o. Mo fẹ́ràn ohùn rẹ̀, mo sì ń tún un ṣe fún àwọn tó ní in. Iṣẹ́ tí o fẹ́ fi áńpù ṣe, àti irú iná tá a ní nílùú yìí, ni mo wò tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀.

Kọ́kọ́ jẹ́ kí ohun tí jáàsì ń béèrè lọ́wọ́ áńpù yé ọ. Kòódù jáàsì, ìyẹn àwọn ohùn tí a tẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, lè ní ohùn mẹ́rin tàbí márùn-ún, àwọn kan nínú wọn sì máa ń sún mọ́ra pẹ́kípẹ́kí, bí B àti C tó wà nínú C major seven. Nígbà tí áńpù bá ń ṣe kọjá agbára rẹ̀, tí ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ya, kì í wulẹ̀ ṣe pé ohùn náà ń le sí i. Ó ń pèsè ohùn mìíràn tí ìwọ kò tẹ̀ rárá. Ohùn tó ń gbọ̀n ní ìgbà 400 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tó bá pàdé èyí tó ń gbọ̀n ní ìgbà 300 nínú áńpù tó ń ya, á mú òmíràn wá ní 700, á tún mú ọ̀kan wá ní 100. Àwọn onírọ́ọ̀kì ń fara mọ́ ọn, torí ohùn méjì tó bára mu dáadáa ni wọ́n sábà máa ń tẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ márùn-ún tó sún mọ́ra lo tẹ̀, gbogbo rẹ̀ á dàrú mọ́ ara wọn, etí kò sì ní mọ èyí tó jẹ́ seven, bíi B inú C major seven yẹn, mọ́. Áńpù tí o ń wá ni èyí tí ohùn rẹ̀ á mọ́ gaara títí dé ibi tí onílù yín bá lù ú dé, tí agbára á sì tún ṣẹ́ kù nínú rẹ̀.

Irú ohùn bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí etí rẹ. King Sunny Adé, tí wọ́n bí sí Òṣogbo níbí lọ́dún 1946, máa ń to gìtá púpọ̀ pọ̀ nínú jùjú rẹ̀, síbẹ̀ ohun tí gìtá kọ̀ọ̀kan ń sọ yé wa, torí ohùn wọn mọ́. Jáàsì náà fẹ́ ohùn tó mọ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó fẹ́ kó rọ̀ díẹ̀ sí i, kí ohùn àárín pọ̀ ju ti òkè lọ.

Ní ti wáàtì, má jẹ́ kí nọ́ńbà tí wọ́n kọ sẹ́yìn áńpù dá ẹ̀rù bà ọ́. Tí o bá kúrò lórí 30 bọ́ sórí 60, desibẹ́ẹ̀lì (ìwọ̀n tí a fi ń wọn ariwo) 3 péré lo fi kún un. Wàá mọ̀ pé ó yàtọ̀, àmọ́ kò ní jọ ọ́ lójú. Kí etí tó lè sọ pé ariwo ti di ìlọ́po méjì, wáàtì ní láti di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá. Sípíkà ló yẹ kí o bi ọlọ́jà léèrè. Sípíkà kan wà tó jẹ́ pé, tí o bá fún un ní wáàtì kan, desibẹ́ẹ̀lì 97 lo máa gbọ́ ní mítà kan sí i. Òmíràn á fún ọ ní 100. Ẹni tó ra ìkejì, bí ẹni tó sọ wáàtì rẹ̀ di ìlọ́po méjì ni, láìfọwọ́ kan áńpù fúnra rẹ̀. Fún ẹni mẹ́ta tó ń ṣeré ní gbọ̀ngàn hòtẹ́ẹ̀lì, tìránsísítọ̀ tó wà láàárín wáàtì 30 sí 60, tí sípíkà rẹ̀ jẹ́ íńṣì 10 tàbí 12, ti tó. Íńṣì 8 náà lè ṣe é tí wọ́n bá kan àpótí rẹ̀ dáadáa. Àwọn kékeré tó ní íńṣì 5, yàrá ni kí wọ́n jókòó sí. Wọn kò lè bá dùrọ́ọ̀mù jà.

Àwọn tó ní onítúùbù nìkan ni ojúlówó, bi wọ́n pé kí ni Joe Pass, gbajúmọ̀ onígìtá jáàsì ará Amẹ́ríkà, ń lò. Áńpù Polytone ni, tìránsísítọ̀ sì ni. Roland Jazz Chorus JC-120 tó jáde lọ́dún 1975 náà, tìránsísítọ̀ ni: wáàtì 120, sípíkà íńṣì 12 méjì, ohùn rẹ̀ sì mọ́ débi pé títí di òní, òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń díwọ̀n ohùn gìtá tó mọ́. Fender Twin Reverb tó jẹ́ onítúùbù, wáàtì 85, ohùn tirẹ̀ náà kì í tètè ya. Àmọ́ gbé e wò ná. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlógíráàmù 30, JC-120 kò sì fi bẹ́ẹ̀ fúyẹ́ jù ú lọ. Ta ló máa bá ọ gbé e sórí ọ̀kadà láti Ògo-Olúwa, tàbí kó tì í bọ inú kẹ̀kẹ́ Márúwá pẹ̀lú dùrọ́ọ̀mù? Àbúrò JC-120 wà, JC-40, tó ní sípíkà íńṣì 10 méjì, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an fún iṣẹ́ bíi tìrẹ. AER Compact 60 láti Jámánì kò tó kìlógíráàmù méje, ohùn rẹ̀ sì dára púpọ̀, àmọ́ owó rẹ̀ ga. Bí o bá fi ojú gidi wá tòkunbọ̀, o lè rí èyí tó dára láìná tó bẹ́ẹ̀. Má sì fojú fo áńpù báàsì kékeré dá. Ohùn rẹ̀ máa ń tẹ́jú, ó sì máa ń rọ̀, àwọn onírọ́ọ̀kì kì í sì í dù ú, torí náà owó rẹ̀ máa ń rọjú lọ́jà. Ọ̀pọ̀ onígìtá jáàsì ló ń fi irú rẹ̀ jẹun.

Sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì tó ń gún ọ létí, ìdí wà fún un. Sípíkà gìtá kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé ohùn tó bá ti kọjá nǹkan bí 5,000 tàbí 6,000 ìgbọ̀n jáde; ó máa ń gé gbogbo ìyẹn dànù fúnra rẹ̀. Ti ṣọ́ọ̀ṣì lọ ré kọjá ibẹ̀, wọ́n ṣe é kí ọ̀rọ̀ oníwàásù lè dún ketekete, torí náà gbogbo híha eékánná àti okùn ló ń gbé síta. Áńpù kíbọ́ọ̀dù tó ní sípíkà tín-ín-rín lókè náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ òun nìkan lo rí, rẹ treble (ohùn òkè) sílẹ̀ gan-an, yóò ṣe é lò.

Ọ̀rọ̀ iná ni mo fẹ́ kí o fọkàn sí jù lọ. Iná Amẹ́ríkà jẹ́ fólítì 120, tiwa jẹ́ 230. Wo ẹ̀yìn áńpù tí ẹ̀gbọ́n fẹ́ tà fún ọ: bó bá jẹ́ 120 nìkan ló wà níbẹ̀, tí o sì kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé wa, ojú ẹsẹ̀ ló máa bàjẹ́. Òótọ́ ni pé step-down, ẹ̀rọ tó ń rẹ fólítì sílẹ̀, wà lọ́jà, àmọ́ ìpín kan náà ló fi ń rẹ iná sílẹ̀ nígbà gbogbo, kì í dá a dúró sójú kan. Nígbà tí iná IBEDC bá ṣubú sí 170, bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ ládùúgbò púpọ̀ lálẹ́, nǹkan bí 89 ni step-down yóò fún áńpù. Túùbù kò ní gbóná tó, ohùn á rọ, á sì tètè ya. Tí jẹnẹrétọ̀ bá sáré tí iná gòkè dé 260, nǹkan bí 136 ló máa wọlé, ara áńpù á sì máa jẹ ìyà rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn èyí, túùbù máa ń gbó, a gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ rẹ̀, kò sì sí níbi gbogbo. Tìránsísítọ̀ kì í ṣe wàhálà tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ra sitébiláísà fún òun náà. Dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n yẹn, kí o sì sọ fún wọn pé kí wọ́n bá àwọn onílé ìgbohùnsílẹ̀ tó ní inverter pure sine wave (èyí tí iná rẹ̀ mọ́, tó sì dúró déédéé) sọ̀rọ̀. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni áńpù wọn yẹ fún.

Má gé ẹsẹ̀ kẹta pulọ́ọ̀gì láé nítorí pé áńpù ń kùn. Mo ń rí i lára ọ̀pọ̀ áńpù tí wọ́n gbé wá fún mi, ó sì máa ń bà mí lọ́kàn jẹ́. Okùn gìtá rẹ so mọ́ irin inú áńpù. Bí iná bá jò sára irin yẹn, tí kò sí earth, ìyẹn wáyà tó ń gbé iná wọ ilẹ̀, tó máa gbé e lọ, orí okùn gìtá ló máa wà dè ọ́. Ìgbà tí ètè rẹ bá kan máíìkì tó wà lórí sọ́kẹ́ẹ̀tì mìíràn ni iná á gba ara rẹ kọjá. Ó ti pa olórin rí. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ eré níbikíbi, gbé mítà tí a fi ń wọn iná sí AC fólítì, mú wáyà rẹ̀ àkọ́kọ́ kan okùn gìtá, mú ìkejì kan irin orí máíìkì. Ó yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo. Bó bá fi 50 tàbí 100 hàn, má fẹnu kan máíìkì yẹn. Pe oníná, kí áńpù àti míkísà sì wà lórí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà tó ní earth gidi. Ọ̀pọ̀ ilé nílùú wa ni wọ́n fa wáyà sí láìri earth mọ́lẹ̀, torí náà ẹsẹ̀ mẹ́ta lójú sọ́kẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ẹ̀rí.

Tí o bá dé Òkè-Fìà, gìtá rẹ àti wáyà rẹ ni kí o gbé lọ. Má jẹ́ kí ọlọ́jà bá ọ ta á. Ó ti mọ ibi tí áńpù náà dára sí. Pa reverb (èyí tó ń mú ohùn dún bí ẹni wà nínú gbọ̀ngàn ńlá), fi gbogbo ohùn sí àárín, kí o tẹ kòódù ohùn mẹ́rin tó kún, kí o wá máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ títí á fi ga tó ibi tí dùrọ́ọ̀mù wà. Ibẹ̀ ni kí o ti gbọ́ bóyá ohùn kọ̀ọ̀kan ṣì dá yàtọ̀. Ta okùn E ìsàlẹ̀ kíkankíkan, kí o fetí sílẹ̀ bóyá nǹkan ń gbọ̀n nínú àpótí. Yí gbogbo bọ́tìnì: bó bá ń pariwo bí ìgbà tí nǹkan ń ha, eruku ni, a lè nù ú. Ti pépà sípíkà wọlé jẹ́jẹ́ pẹ̀lú ìka. Bó bá ń ha, wáyà inú rẹ̀ ti ń kan irin, owó ni ìyẹn. Yọjú wo ẹ̀yìn, torí àwọn kan máa ń fi sípíkà mọ́tò rọ́pò ti gidi. Kí o sì jẹ́ kó wà ní títàn fún bí ìdajì wákàtí kó tó di pé o dúnàádúrà.

Nítorí àwọn ará ilé, rí i pé áńpù náà ní ihò tí o lè ki ẹ̀rọ àgbékọ́tí (headphone) bọ̀. Bí kò bá ní, tí apá rẹ sì ká a, áńpù kékeré Roland Micro Cube tó ń lo bátìrì AA mẹ́fà lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ fún ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ.

Níbi eré, gbé áńpù kúrò nílẹ̀. Gbé e sórí àga kí sípíkà kọjú sí orí rẹ, má sì tì í mọ́ igun ògiri, torí igun máa ń mú ohùn ìsàlẹ̀ wú, á sì máa bo ẹni tó ń ta báàsì. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bass lórí 3, middle lórí 6, treble lórí 4. Gìtá tí inú rẹ̀ ṣófo tètè máa ń hu, ìyẹn ni pé ohùn sípíkà á padà wọ inú rẹ̀, á sì máa pariwo. Bó bá bẹ̀rẹ̀, yẹ̀ kúrò níwájú sípíkà, kí o sì dín bass kù kó tó kan fọ́lúùmù. Bí gbọ̀ngàn bá tóbi ju agbára áńpù lọ, fi line out rẹ̀ (ihò tí ohùn ti ń jáde lọ sí ẹ̀rọ mìíràn) ránṣẹ́ sí míkísà, tàbí kí o gbé máíìkì kan síwájú sípíkà rẹ̀. Ohùn áńpù rẹ ni àwọn èèyàn á gbọ́ nígbà náà, wáàtì 30 yẹn á sì tó ọ fún ọjọ́ pípẹ́.