Kòkòrò Wo Ló Wà Nínú Fọ́tò Yìí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Eṣinṣin kéékèèké ti gba ilé wa. Àwọn kan ń bà lé ọ̀gẹ̀dẹ̀, àwọn kan lẹ̀ mọ́ ògiri balùwẹ̀. Mo fín oògùn títí, ó sú mi. Ṣé irú kan náà ni wọ́n? Fọ́tò mẹ́ta nìyí. — Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta

Ìdáhùn: Ẹ kú làálàá, Ìyá Ìbejì. Irú méjì ni mo rí.

Inú mi dùn sí fọ́tò ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn, pàápàá igi ìṣáná tí ẹ gbé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ wo ẹyinjú kòkòrò náà: ó pọ́n roro, ara rẹ̀ sì dà bí oyin. Kantíkantí ni, kò ju mìlímítà 3 lọ. Inú èso tó ń jẹrà ló ń yé sí. Bí ooru bá mú, nǹkan bí ọjọ́ 10 péré ni ẹyin fi ń di èyí tó ń fò. Ẹ̀ ń pa àgbà, ọmọ ń hù lẹ́yìn yín. Ìyá mi kì í jẹ́ kí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ sùn sílé.

Ti balùwẹ̀ ní irun lápá, ó tẹ́ ìyẹ́ bí òrùlé, bíi labalábá kékeré. Inú ọ̀rá yíyọ̀ tó lẹ̀ mọ́ páìpù ni ìdin rẹ̀ ń gbé. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ha ibẹ̀ dáadáa. Omi gbígbóná nìkan kò lè ṣí i.

Fọ́tò kẹta ṣú jù. Ẹ fi ife dé kòkòrò òmíràn, ẹ gbé e sínú fíríìjì fún ìṣẹ́jú mélòó kan kó lè dúró jẹ́ẹ́, kí ẹ wá yà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, láti ẹ̀gbẹ́. Mò ń retí rẹ̀.