Ẹ Bi Ìyá Olómi: Wọ́n Ń Wa Wúrà Lókè Wa

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá wa. Ọ̀dọ́ ìlú kékeré kan ní ẹsẹ̀ òkè níhà Ìjẹ̀ṣà ni wá. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí àwọn awakùsà ti ń wa wúrà létí odò wa. Odò tí a máa ń rí iyanrìn ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti pọ́n báyìí, àwọn ìyá wa ò lè fọ aṣọ funfun níbẹ̀ mọ́. A ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, a ti lọ sí rédíò, a sì ti gbé páálí kiri ìlú. Àwọn àgbà kan ní ká yé pariwo, pé ìjọba ló ni ohun tó wà nínú ilẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Kí ni ẹgbẹ́ tí kò lówó lè ṣe? (Akọ̀wé ẹgbẹ́, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun)

Ìdáhùn: Akọ̀wé, ẹ kú ìnira, ẹ sì kú akitiyan. Ilé iṣẹ́ omi ìjọba ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, nítorí náà irú lẹ́tà yìí kì í jẹ́ kí n sùn.

Òótọ́ ni àwọn àgbà yín sọ, àmọ́ wọn ò sọ ọ́ tán. Ìjọba àpapọ̀ ló ni wúrà. Ṣùgbọ́n òfin ìwakùsà ọdún 2007 tó sọ bẹ́ẹ̀ náà ló sọ ibi tí ìwé àṣẹ ìwakùsà ò gbọdọ̀ dé: ìlú, abúlé, ọjà, itẹ́ òkú, ojúbọ àti ilẹ̀ àwọn baba ńlá. Abala kẹta rẹ̀ ni kí ẹ kà. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí i dé abala 116. Ẹni tó gba ìwé àṣẹ láti wa kùsà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá ìlú tó ni ilẹ̀ tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn, èyí tí wọ́n ń pè ní Community Development Agreement, kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ṣé wọ́n bá ìlú yín ṣe é? Ta ló fọwọ́ sí i? Ẹ lọ béèrè ẹ̀dà rẹ̀ láàfin, kí ẹ dọ̀bálẹ̀ dáadáa kí ẹ tó béèrè. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Níbi púpọ̀, ọmọ ìlú ló ń gba owó tó sì ń fi ọ̀nà oko han àlejò.

Ó sì lè jẹ́ pé wọn ò níwèé rárá. Mining Cadastre Office l'Ábújá ló ń fúnni níwèé àṣẹ, ẹ kọ̀wé sí wọn. Òfin yẹn tún dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, MIREMCO lorúkọ rẹ̀. Ara iṣẹ́ rẹ̀ ni láti yẹ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó bàjẹ́ wò, kó sì gba mínísítà nímọ̀ràn lórí rẹ̀.

Páálí àti rédíò dáa, ẹ má dá wọn dúró. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ọ́fíìsì, wọ́n á bi yín pé, “Ẹ̀rí dà?” Ibi tí ẹgbẹ́ púpọ̀ ti ń kú nìyẹn. Nítorí náà, ẹ ra ìwé kan tó nípọn. Ẹ yan ojú ibi méjì lórí odò yín, ọ̀kan lókè ibi tí wọ́n ti ń wa wúrà, èkejì nísàlẹ̀ rẹ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹnì kan gbé ìgò tó mọ́ gaara lọ síbẹ̀. Kó kọjú sí ibi tí omi ti ń bọ̀, kó dúró jẹ́ẹ́ títí ẹrẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rú sókè á fi ṣàn lọ lẹ́yìn rẹ̀. Kó wá ti ọwọ́ bọ omi dé ìgbọ̀nwọ́, kó dojú ìgò kọ ìṣàn. Tó bá délé, kó gbé ìgò náà ka orí ìwé ìròyìn, kó wò ó bóyá òun lè rí lẹ́tà kà láti ẹnu ìgò. Kó fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kó fi rúlà wọn ẹrẹ̀ tó sílẹ̀ sí ìdí rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni kó kọ: déètì, aago, àti bóyá òjò rọ̀ lóru. Ẹ má fi ti òjò ṣeré, torí wọ́n á ní àgbàrá ló ba omi jẹ́. Bí omi tòkè bá mọ́, tí tìsàlẹ̀ pọ́n, lọ́jọ́ tí òjò ò rọ̀, àwáwí ti tán nìyẹn.

Mẹ́kúrì, irin olómi tí wọ́n fi ń kó wúrà jọ, ní tirẹ̀, ojú lásán ò lè rí i nínú omi. Àwọn awakùsà kéékèèké máa ń dà á pọ̀ mọ́ iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ti fọ̀, á lẹ̀ mọ́ eruku wúrà, wọ́n á fún un nínú aṣọ, wọ́n á wá fi iná yọ ọ́ kó lè ku wúrà nìkan. Èéfín rẹ̀ ń wọ ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó ń yọ ọ́, èyí tó bá dà nù sì ń bá omi lọ. Ilé àyẹ̀wò nìkan ló lè sọ iye tó wà nínú odò. Ọwọ́ wọn ni kí ẹ ti gba ìgò, ẹ má fi ìgò míníràlì gbé e lọ.

Ẹgbẹ́ Urban Alert ní Òṣogbo bu omi Ọ̀ṣun, wọ́n gbé e lọ sílé àyẹ̀wò, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ síta pé irin olóró wà níbẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Nígbà ọdún Ọ̀ṣun 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé kí wọ́n má mu omi náà. Ẹ wo ohun tí ojú wa rí: odò tí àwọn àgàn ń bu mu kí wọ́n lè bímọ!

Ẹ wá àwọn ará ìsàlẹ̀ odò mọ́ra. Ìgèdè-Èkìtì ni wọ́n ń ka orísun Ọ̀ṣun sí. Àwọn kan nínú odò ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ń wọnú rẹ̀, ó gba Òṣogbo kọjá, ó dé adágún Aṣéjìrè tí Ìbàdàn ń mu, kó tó wọ ọ̀sà Lẹ́kì. Lẹ́tà tí ẹgbẹ́ ìlú márùn-ún fọwọ́ sí yàtọ̀ sí ti ìlú kan. Ohun kan tó kù: ẹ má lọ bá wọn jà lójú kòtò. Àwọn mìíràn níbẹ̀ ní ìbọn, ọ̀pọ̀ tó kù sì jẹ́ ọmọ ọlọ́mọ tí ebi lé wá.

Ìbéèrè: Mà, Aṣéjìrè ni omi ẹ̀rọ ilé wa ti ń wá. Tí mo bá se é kó hó dáadáa, ṣé mẹ́kúrì inú ẹ̀ á kú? (Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Rárá o. Kòkòrò àìsàn ni omi híhó ń pa. Òjé àti mẹ́kúrì kì í ṣe ohun ẹlẹ́mìí, wọn kì í kú. Ilé iṣẹ́ omi ni kí ẹ kọ̀wé sí, kí ẹ béèrè èsì àyẹ̀wò wọn lórí àwọn irin olóró wọ̀nyí. Òfin tó fún aráàlú ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé ìjọba ti wà láti ọdún 2011, ọjọ́ 7 ló sì fún wọn láti fèsì. Ẹ kíyè sí ẹja pẹ̀lú. Nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò, mẹ́kúrì máa ń yí padà di irú tó ń wọ ara ẹja, ẹja ńlá tó ń jẹ ẹja kékeré ló sì ń ní jù. Ọpọlọ ọmọ inú ló ń bá jà. Ẹja tó ní mẹ́kúrì nínú ló kó àìsàn bá àwọn ará Minamata ní Japan, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ kéde àìsàn náà lọ́dún 1956. Àdéhùn àgbáyé tó ń gbógun ti mẹ́kúrì ń jẹ́ orúkọ ìlú yẹn títí dòní, Nàìjíríà náà sì ti fọwọ́ sí i.

Ìbéèrè: Ṣé òótọ́ ni pé òyìnbó kan ṣoṣo ló gba igbó Ọ̀ṣun sílẹ̀? (Akẹ́kọ̀ọ́, Ẹdẹ)

Ìdáhùn: Susanne Wenger, tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, ṣe iṣẹ́ tí a ò gbọdọ̀ gbàgbé. Ọmọ Austria ni, ọdún 1950 ló dé Nàìjíríà, Òṣogbo ló sì kú sí lọ́dún 2009. Ṣùgbọ́n kò dá a ṣe. Adébísí Àkànjí, birikìlà ni, òun, Buraimoh Gbadamọ́ṣí, Kàsálì Àkàngbé àti àwọn mìíràn ló jùmọ̀ tún ojúbọ tó ń wó kọ́. Àwọn olórìṣà tó fi igbó náà hàn án ti wà níbẹ̀ kó tó dé. Lọ́dún 1965, ìjọba sọ apá kan ibẹ̀ di ohun ìní orílẹ̀-èdè. Lọ́dún 1992 wọ́n fẹ̀ ẹ́ dé hẹ́kítà 75, nígbà tó sì di 2005, UNESCO fi í sára ogún àgbáyé. Àwọn ìpinnu wọ̀nyí dáàbò bo igi àti ojúbọ inú ọgbà. Apá kan omi tó ń gba àárín ọgbà kọjá, láti orí òkè tí Akọ̀wé kọ̀wé láti ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ti ń bọ̀, kò sì sí ọgbà kankan níbẹ̀.